Pupa Ni Ti Ẹran Ńlá

Wọ́n tún ti fi kún un. Ẹ̀yin náà ti gbọ́, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́. Ọta ìbọn kan ṣoṣo, èyí tí èèyàn máa yìn lẹ́ẹ̀kan tó máa parí, owó tí wọ́n ń pè é báyìí, ẹ lè fi ra oúnjẹ tí ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin máa jẹ yó. Tí ẹ bá sì bi ẹni tó ń tà á pé kí ló dé, á ní dọ́là ni. Tí ẹ bá ní ṣebí dọ́là wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, á ní ọkọ̀ òkun ni. Tí ẹ bá fi ọkọ̀ òkun sílẹ̀, á ní bọ́dà ni. Mi ò tíì rí ọjà tó ní àwáwí tó báyìí rí. Bí fóònù bá gbówó lórí, ó kéré tán, ẹ máa rí i pé kámẹ́rà ẹ̀ ti dáa sí i. Ọta, kí ló dáa sí i lára ẹ̀? Ìró kan náà ló ń dún.

Bàbá mi ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ ọta. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, oko wọn wà lẹ́yìn Iperindo. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọdẹ ni wọ́n, wọ́n sì ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ìjọba fún wọn níwèé àṣẹ ẹ̀. Èmi ń gbé Òṣogbo nílé ìyá mi, mò ń tún fóònù ṣe nínú kíósì kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fóònù ara mi ni mo kọ́kọ́ tú, kò padà dé. Mo tú ti ẹ̀gbọ́n mi, ó dé, ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe ara mi ní ọ̀gá, obìnrin tó bá sì pe ara ẹ̀ ní ọ̀gá lọ́jà wa, ó gbọ́dọ̀ mọ ariwo í pa. Mo mọ̀ ọ́n pa.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọta, tó níwèé ọlọ́pàá lára ògiri, Òṣogbo ló wà. Ọta ò sì ṣe é rán ọmọ rà, ẹni tó níwèé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá. Nítorí náà, tí ọta bá ti ń tán, màá kàn rí bàbá mi lẹ́nu kíósì pẹ̀lú àpò ìwé lábẹ́ abíyá, a ó sì jọ lọ. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ọ̀nà. Bàbá mi nínú igbó, ẹkùn ni. Lọ́jà, àgùntàn ni. Iye tí wọ́n bá pè ni wọ́n ń san. Wọ́n tiẹ̀ tún máa ń dúpẹ́.

Ẹ wá wo bí ọ̀wọ́n ọta ṣe yí iṣẹ́ ọdẹ padà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọdẹ bá yìnbọn tí kò bà, ọ̀rọ̀ inú igbó nìyẹn, kò dé ilé. Ní báyìí, tí ìbọn bá dún lẹ́bàá abúlé nírọ̀lẹ́, gbogbo obìnrin á dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá jáde lọ́wọ́ òfo, ó gbé. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ tí ìyàwó ọdẹ kan sọ fún ọkọ ẹ̀ lójúde pé, “Bàbá ọmọ mi, a gbọ́ ìró owó, ẹran ẹ̀ dà?”

Ọkùnrin náà ní ọ̀yà ọ̀hún gbọ́n jù.

Ìyàwó ní, “Ọ̀yà náà ló yẹ kí n fẹ́ nígbà náà.”

Bàbá mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ irú ẹ̀ sí wọn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sóko lọ́jọ́ kan, àparò kan dúró gedegbe níwájú wa, ó ń ṣa nǹkan jẹ. Wọ́n gbé ìbọn sókè, wọ́n wo ẹyẹ, wọ́n rò ó, wọ́n sì sọ ìbọn kalẹ̀.

“Máa lọ,” wọ́n sọ fún àparò, “o ò tó ọta.”

Àparò ò tiẹ̀ yára. Ó ń rìn bí ẹni tó ti gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ọta.

Ṣùgbọ́n túùkú kì í ṣe àparò. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni mò ń wí o, èyí tó ń fi imú túlẹ̀ bíi katakata. Bí òjò ọdún tó kọjá ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ya wọ oko àwọn ará abúlé bàbá mi. Wọ́n hú ẹ̀gẹ́ jẹ, wọ́n bọ́ sórí isu. Ti bàbá mi ló le jù, torí oko tiwọn ló fẹnu ko igbó. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọn ò pariwo, ohùn wọn kàn rọ̀. Wọ́n ní bí ẹranko wọ̀nyí bá tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ò ní rí èbù tí àwọn máa gbìn. Inú bí mi débi pé mo tún fóònù oníbàárà kan dé láìfi bátìrì sí i.

Ẹ sì gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Túùkú ò ṣe é fi ọta ẹyẹ yìn. Inú ọta kọ̀ọ̀kan, wóró irin ló wà níbẹ̀. Ti ẹyẹ wẹ́, ó pọ̀. Ti ẹran ńlá tóbi, ó mọ níwọ̀n. Tí wóró wẹ́wẹ́ bá ba túùkú, kò ní wọlé, inú ló máa bí i, á yí padà sí ẹni tó yìn ín. Ọdẹ kan wà lábúlé wa tó ń tiro títí dòní. Eyín túùkú ló ya itan ẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọdẹ wá pinnu pé àwọn máa lọ bá àwọn ẹranko náà nínú igbó. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ní kí Olóde àti bàbá mi lọ ra ọta ẹran ńlá wá. Olóde ni olórí àwọn ọdẹ. Ọjọ́ orí Olóde ò tó ti bàbá mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ ṣáájú wọn, ọjọ́ tí èèyàn wọ ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ń wò. Bàbá mi ló ń sọ pé “ẹ” fún wọn. Òfin kan tún wà: tí Olóde bá ti fọwọ́ gba nǹkan, tí wọ́n ní ó pé, ó ti pé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tún lanu. Bó ṣe ẹran ni, bó ṣe obì ni, bó ṣe ọta ni.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dé. Mo ti kíósì pa, mo tẹ̀ lé wọn.

Alhájì tó ni ṣọ́ọ̀bù jókòó, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn lé eṣinṣin. Pẹpẹ ẹ̀yìn wọn dà bí ẹnu arúgbó, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

“Àrìnpa o,” Alhájì kí wọn. “Ẹ̀yin ọdẹ Ìjẹ̀ṣà, ẹ tún kú ìgboyà. Lọ́jọ́ kan báyìí, ẹ máa dé ibí, ẹ máa bá mi tí mò ń ta gààrí.”

“A máa ra gààrí náà,” bàbá mi dáhùn. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

“Kí lẹ fẹ́ pa?”

“Túùkú.”

Alhájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rá kan jáde. Ọta pupa ló kún inú ẹ̀, kò sí nínú páálí kankan. Wọ́n ní ti ẹran ńlá nìyẹn, àwọn ò mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Wọ́n wá pe iye tí wọ́n ń tà á. Mo di ìgbátí kántà mú.

Àwọn kan tún wà lórí pẹpẹ, aláwọ̀ ewé, eruku ti bò wọ́n. Mo bi Alhájì pé èló ni tiwọn.

“Ti ọ̀yà nìyẹn. Ó dínwó. Kì í ṣe ohun tí bàbá ẹ wá rà.”

Àwọ̀ yìí ni mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ wa, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọta. Pupa ni ti ẹran ńlá, aláwọ̀ ewé ni ti ọ̀yà àti ẹtu. Kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, torí èdè ibi tó ti wá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́pọ̀ ọdún, nígbà tó jẹ́ pé ibì kan náà ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí ọjà ti há, ibi tí wọ́n bá ti rí i ni wọ́n ti ń kó o wá, ìlú òyìnbó kọ̀ọ̀kan ló sì ń kun tiẹ̀ bó ṣe wù ú.

Olóde mú ọta pupa kan, wọ́n gbé e sétí, wọ́n mì ín, wọ́n tẹ́tí sí i bí ẹni tí ọta ń bá sọ̀rọ̀ àṣírí. Wọ́n kanrí.

“Ó pé,” wọ́n ní. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú owó.

Èmi náà ti mú ọ̀kan. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí wọ́n fowó lé ọta kẹ́yìn, inú bí mi, mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ bàbá mi jẹ. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà ò bá sí, orí fóònù ni mo wà, mò ń kà nípa ọta. Mo ka èyí tí òyìnbó kọ, mo wo fídíò, èyí tí mi ò gbọ́ mo tún un wò. Ohun kan ni mo di mú nínú gbogbo ẹ̀: bí nọ́ńbà tó wà lára ọta bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni wóró inú ẹ̀ ṣe kéré tó. Èyí tó tóbi jù ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ sí i. Ọta pupa tó wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà ló wà lára ẹ̀. Èje.

“Bàbá, ẹ dúró ná.”

Bàbá mi ò wò mí. Wọ́n kàn gbé bàtà wọn lé ẹsẹ̀ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rọra sọ ọ́ ní Ìjẹ̀ṣà, pé kí n dákẹ́, ùbọn kì í ṣe fóònù.

Mo yọ ẹsẹ̀ mi. “Ọta ẹyẹ lèyí.”

Alhájì yí ojú sí mi.

“Ọmọ yìí, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

“Mò ń tún fóònù ṣe, sà.”

“Ó dáa. Tí fóònù mi bá bàjẹ́, màá wá bá ọ. Èmi ti ń ta ọta kí wọ́n tó bí ọ.”

“Ẹ ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi lóòótọ́, sà. Ẹ ò kàn tíì kà á ni.”

Mo mọ̀ pé kò dáa. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Olóde ò bá mi wí. Olóde yíjú sí bàbá mi, wọ́n rọra bi wọ́n, “Ta ló bí ọmọ yìí?”

Bàbá mi wo àjà. “Ìyá ẹ̀ ni.”

Wàláhì, bí kì í bá ṣe pé inú ń bí mi, mi ò bá rẹ́rìn-ín. Mo ní kí Alhájì la ọ̀kan ká wo inú ẹ̀. Alhájì ní ẹni tó bá ní káwọn la á, òun ló rà á. Owó tí mo fẹ́ fi ra ojú fóònù fún oníbàárà wà lápò mi, mo kà á sórí kántà. Tí mo bá ṣì í, mo ti ba bàbá mi jẹ́ lójú olórí wọn, oníbàárà mi á sì tún máa dúró dè mí lẹ́nu kíósì.

Alhájì mú ọ̀bẹ, wọ́n la ọta náà bí ẹni tó ń bó ọsàn, wọ́n yí i dà sórí ìwé ìròyìn. Wóró dà jáde. Ó wẹ́ bí ọkà bàbà, ó ń yí lọ yí bọ̀, àwọn kan já bọ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ Olóde.

Alhájì wọ dígí wọn, wọ́n mú wóró kan, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

“Àsítàfúrúlàì,” wọ́n ní. “Pupa ni wọ́n ní kí n máa tà fún ẹran ńlá. Ẹni tó kó o wá fún mi, pupa lòun náà sọ.”

Mo gbà wọ́n gbọ́. Ojú wọn ò jọ ojú ẹni tó ń parọ́, ó jọ ojú ẹni tó ń ronú gbogbo èèyàn tó ti ta ọ̀rá yẹn fún. Mo tọ́ka sí àwọn aláwọ̀ ewé. Alhájì na ọwọ́, wọ́n nu eruku ara ẹ̀ nù. Lẹ́tà ló wà níbẹ̀. Wọ́n la ọ̀kan fúnra wọn, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n. Wóró tó jáde tóbi bí ẹ̀wà olóyin, kò sì pọ̀.

“Ṣé ẹ rí i,” bàbá mi ní. Wọn ò sọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Alhájì dá owó mi padà, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni mo rà fún àwọn. Mo ti fẹ́ máa fẹ́ràn wọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú wọn tó ń lọ sórí àwọn aláwọ̀ ewé, tó ń kà wọ́n.

“Nígbà tó wá jẹ́ pé ti ẹran ńlá nìyí,” wọ́n ní, “owó pupa ló máa jẹ́ o.”

“Alhájì, kò tíì pẹ́ tí ẹ ní ti ọ̀yà ni.”

“Mi ò mọ̀ nígbà yẹn.”

“Ẹni tó jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ló fẹ́ rà á.”

“Ọjà ni mò ń tà, mi ò ń ṣe sàráà.”

“Ẹ máa tà á lówó ọ̀yà, sà. Tẹ́ ẹ bá ní owó pupa, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí, gbogbo ọdẹ tó bá ń bọ̀ ni màá máa la ọ̀kan fún.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mi Alhájì níkùn. “Ẹ bá mi mú ọmọ yìí lọ. Ẹ san owó ọ̀yà, ẹ bá mi mú un lọ.”

Bàbá mi dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò bá wọn jà sí i.

Mo bá wọn wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Olóde jókòó síwájú, wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ fi wọ gáréèjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ra búrẹ́dì, wọ́n bù fún bàbá mi. Wọ́n bù fún èmi náà, ṣùgbọ́n bàbá mi ni wọ́n fún pé kó fún mi. Nígbà tá a fi máa dé abúlé, ọ̀rọ̀ ti gba orí fóònù délẹ̀ ṣáájú wa. Ẹgbẹ́ bu ìtanràn lé bàbá mi: àkùkọ kan, ẹmu kèǹgbè méjì, torí ọmọ wọn la ẹnu sí ohun tí Olóde ti fọwọ́ gbà. Mo ní kí ni? Ìyàwó bàbá mi fà mí wọlé kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n wọgbó. Èmi àti àwọn obìnrin wà lójúde, à ń bó ẹ̀gẹ́ tí túùkú fi ṣẹ́ kù. Ìyàwó ọdẹ tí ẹnu ẹ̀ mú yẹn pàápàá dákẹ́. Ìbọn dún, ẹ̀ẹ̀kan. Ó dákẹ́ pẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bóyá mo ka lẹ́tà yẹn dáadáa, bóyá òyìnbó inú fídíò yẹn tiẹ̀ mọ nǹkan tó ń sọ. Ó tún dún, ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn. Mo ti fi ọ̀bẹ gé ìka mi, mi ò mọ̀.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ jáde. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì pé, mo kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó fi igi gbé túùkú méjì léjìká wà. Olóde ló kẹ́yìn, fìlà wọn ti sọnù, ẹrẹ̀ wà láyà wọn.

Olóde fúnra wọn ló ròyìn ẹ̀. Wọ́n ní akọ túùkú já jáde láti inú ewé, ó wá tààrà, kò yà sọ́tùn-ún kò yà sósì. Wọ́n ní àwọn yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì ń bọ̀. Àwọn yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣubú lé àwọn lẹ́sẹ̀, ó sì gbé àwọn ṣubú, ó ti kú kó tó kan àwọn. Wọ́n ní gbogbo ohun tí àwọn ń rò bí àwọn ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni wóró wẹ́wẹ́ tó ń yí lórí kántà Alhájì.

Gbogbo abúlé wò mí. Mo dìde díẹ̀, mo rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́.

“Ọmọ yìí ṣe dáadáa,” Olóde ní. “Ẹ fún un ní itan kan. Àkùkọ dà?”

Ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n fún mi ní itan túùkú, itan ńlá tó jẹ́ pé ìyá mi ò jẹ nínú ẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni, Mùsùlùmí ni wọ́n, àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ló ń jayé lórí ẹ̀. Wọ́n sì gba àkùkọ bàbá mi. Wọ́n mu ẹmu náà níṣojú mi, wọ́n tún ní kí n bá àwọn ṣan ife. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Olóde, inú wọn dùn, èbù wọn kù. Èmi nìkan ni inú ń bí.

Mo bi Olóde. Mo kúnlẹ̀ bi wọ́n, mi ò ṣe gàràgàrà. Mo ní kí ni mo ṣe tí wọ́n fi gbàtànràn. Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, ibi tí mo ti sọ ọ́ ni kò dáa. Wọ́n ní ó yẹ kí n pe àwọn síta, kí n sọ ọ́ sí àwọn létí, àwọn á wá padà wọlé, àwọn á sọ fún Alhájì bí ẹni tó fojú ara ẹ̀ rí i. Àwọn àgbà ọdẹ tó kù ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi náà kanrí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi dá sí i. Bàbá mi ti ń tú owó. Olóde ti ní ó pé. Ọta tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Alhájì kì í padà, òfin ọlọ́pàá ni. Èmi wà níbẹ̀, ọta ẹyẹ lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ pé túùkú ni wọ́n fẹ́ kó o lọ bá. Ká ní ẹ̀yin ni, tó jẹ́ bàbá tiyín ló ń tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ pé kẹ́ ẹ dákẹ́, ṣé ẹ máa dákẹ́?